Ta ló fìdí rẹmi jù nínú ìdìbò ààrẹ Nàìjíríà? Ìdáhùn sí ìbéèrè bàbá kan láti Ìsẹ́yìn

Ìbéèrè: "Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Ìsẹ́yìn. Ọmọ mi ọkùnrin ń bá mi jiyàn pé Atiku Abubakar ni ó tíì fìdí rẹmi jù lọ nínú ìdìbò ààrẹ orílẹ̀-èdè yìí, pé ìgbà mẹ́fà gbáko ni. Èmi ní Buhari ni, nítorí ojú gbogbo wa ló ṣe bí ó ṣe ń díje tí kò wọlé kí ó tó wá wọlé. Ta ni ó jàre nínú wa? Mélòó sì ni gbogbo àwọn tó ti díje tí wọn kò wọlé láti ọdún 1979? Ọ̀rọ̀ kan tún kù: bàbá tó bí mi lọ́mọ, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, kò gbà títí wọ́n fi kú pé Awólọ́wọ̀ fìdí rẹmi. Ṣé kí n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn yòókù?"

Bàbá, ẹ kú àjíǹde ara, ẹ sì kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Irú iyàn yìí gan-an ni ó mú kí n ra ìwé àkọsílẹ̀ kan ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, tí mo fa ìlà sí i, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn tó díje fún ipò ààrẹ tí wọn kò wọlé, ọdún tí wọ́n díje, ẹgbẹ́ tó fà wọ́n kalẹ̀ àti iye ìbò tí wọ́n kéde fún wọn. Orúkọ ẹni tó wọlé kì í sọnù, ó ń bẹ lára ilé ìwé àti lára pápákọ̀ òfurufú. Àwọn tí kò wọlé ni ó nílò ìwé.

Ìdáhùn tó yá ni pé ẹ̀yin méjèèjì kò jàre tán, ẹ kò sì jẹ̀bi tán. Ọ̀mì ni Atiku àti Buhari ta, ìgbà mẹ́ta mẹ́ta. Ẹnìkẹta kan sì wà tó ti ju àwọn méjèèjì lọ, tí kò sí ẹni tó ń pe orúkọ rẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti ń jiyàn. Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀.

Ìgbà mẹ́fà tí ọmọ yín kà fún Atiku kì í ṣe irọ́, àmọ́ ó kó ìdìbò abẹ́lé, èyí tí ẹgbẹ́ fi ń yan olùdíje tirẹ̀, pọ̀ mọ́ ìdìbò gbogbogbò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti dá Atiku dúró nínú ilé, kí ó tó dé òde rárá. Àkọ́kọ́ ni ti ẹgbẹ́ SDP, àwọn Ẹlẹ́ṣin, ní Jos ní 1993, níbi tí ó ti ṣe ipò kẹta lẹ́yìn M.K.O. Abíọ́lá àti Babagana Kingibe, tí ó sì yọwọ́ kí wọ́n tó dìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì. Èkejì ni ti ẹgbẹ́ Alábùradà, PDP, ní Àbújá ní oṣù kìíní ọdún 2011: Goodluck Jonathan ní ìbò àwọn aṣojú 2,736, Atiku ní 805, Sarah Jubril sì ní ìbò 1. Ẹyọ kan péré, Bàbá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì gbà pé ìbò tí obìnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì ni. Ẹ̀kẹta ni ti APC ní Èkó ní oṣù kejìlá ọdún 2014, níbi tí Buhari ti ní 3,430, tí Rabiu Kwankwaso ní 974, tí Atiku sì ní 954.

Ẹ̀ẹ̀mẹta tó kù ni orúkọ rẹ̀ dé iwájú gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ní 2007 ó díje lábẹ́ AC, ó ní ìbò 2,637,848, ó sì ṣe ipò kẹta. Ẹ rántí pé ó kù ọjọ́ márùn-ún péré kí wọ́n dìbò náà ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó sọ pé àjọ elétò ìdìbò kò lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, tí wọ́n sì ní láti sáré lọ tún ìwé ìdìbò tẹ̀ ní South Africa. Ní 2019, lábẹ́ PDP, ó ní 11,262,978. Ní 2023, lábẹ́ PDP kan náà, ó ní 6,984,520. Ẹ̀ẹ̀mejì yìí ni ó ṣe ipò kejì.

Buhari ní tirẹ̀ kò fìdí rẹmi nínú ìdìbò abẹ́lé rí. Òde ni gbogbo tirẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ní 2003 ó ní 12,710,022 lábẹ́ ANPP. Ní 2007 ó ní 6,605,299 lábẹ́ ANPP kan náà. Ní 2011 ó ní 12,214,853 lábẹ́ CPC. Ipò kejì ni ó wà ní gbogbo ìgbà, gbogbo ìgbà náà ni ọ̀ràn sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, tí kò sì jàre níbẹ̀. Èyí tó súnmọ́ ọn jù ni ti 2007. Nígbà tí wọ́n dájọ́ rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2008, adájọ́ mẹ́rin ní kí Yar'Adua máa ṣe ìjọba rẹ̀ lọ, adájọ́ mẹ́ta ní kí wọ́n wọ́gi lé ìdìbò náà. Ká ní adájọ́ kan ṣoṣo fò sí òdì kejì, ìwé mi ì bá ní ojú ewé mìíràn.

Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ ìdìbò gbogbogbò nìkan ni ẹ ń kà, ọ̀mì ni. Bí ẹ bá fi ìdìbò abẹ́lé kún un, ọmọ yín ló jàre. Èmi kì í fi kún un, ìdí mi kò sì ju ẹyọ kan lọ: bí a bá fẹ́ ka ìdìbò abẹ́lé, a ó ní láti kà á fún gbogbo ènìyàn, a ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ àwọn tó ra fọ́ọ̀mù, àwọn tó yọwọ́ ní alẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la, àti àwọn tí wọ́n pè sí yàrá kan tí wọ́n sì bẹ̀ kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Iṣẹ́ náà kò lópin, kò sì sí ìwé tó lè gbà á.

Ẹnìkẹta tí mo sọ nípa rẹ̀ ni Ambrose Owuru, agbẹjọ́rò tó ń díje lábẹ́ ẹgbẹ́ Hope. Ó díje ní 2007, ní 2011, ní 2015 àti ní 2019, èyí tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹrin, kò sì wọlé lẹ́ẹ̀kankan. Iye ìbò tí àjọ elétò ìdìbò, INEC, kéde fún un ni 28,519, lẹ́yìn náà 12,023, lẹ́yìn náà 7,435, lẹ́yìn náà 1,663. Mo máa ń wo ìlà yẹn nínú ìwé mi bí ẹni ń wo àtùpà tí epo ń tán nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Chris Okotie, olùṣọ́ àgùntàn tí gbogbo Èkó mọ̀, tó bá Atiku àti Buhari dọ́gba ní ẹ̀ẹ̀mẹta: 119,547 ní 2003, 74,049 ní 2007, 34,331 ní 2011. Odumegwu Ojukwu pàápàá, tí orúkọ rẹ̀ kò kéré níbikíbi ní ilẹ̀ Ìgbò, bọ́ láti 1,297,445 ní 2003 sí 155,947 ní 2007. Ẹni tí ìbò rẹ̀ lọ sókè nígbà tó padà wá kò pọ̀ nínú ìwé mi. Awólọ́wọ̀ jẹ́ ọ̀kan, Azikiwe jẹ́ èkejì. Ti Buhari àti ti Atiku ń lọ sókè sódò bí ọmọ tó ń jó láìgbọ́ ìlù.

Ó yẹ kí n dá ọ̀rọ̀ yín sí lórí Buhari, Bàbá, nítorí ohun kan wà níbẹ̀ tí ẹ rí tí ọmọ yín kò rí. Nínú gbogbo àwọn tó tíì fìdí rẹmi nínú ìdìbò ààrẹ láti 1979, òun nìkan ni ó padà wá wọlé. Jonathan nìkan sì ni ẹni tó ti kọ́kọ́ wọlé tó padà wá fìdí rẹmi. Àwọn méjèèjì ni wọ́n sì ṣe é fún ara wọn, Jonathan borí Buhari ní 2011, Buhari borí Jonathan ní 2015.

Mo wá kan ìbéèrè yín kejì, èyí tí ó le jù. Ní 1979 olùdíje márùn-ún ló jáde, mẹ́rin kò wọlé. Ní 1983 mẹ́fà jáde, márùn-ún kò wọlé. Ní 1993 àti ní 1999 ẹni méjì méjì ló jáde, nítorí náà ẹnìkọ̀ọ̀kan ló fìdí rẹmi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti 1993 ní ẹjọ́ tirẹ̀ tí n óò dé ibẹ̀. Ẹ rò ó pọ̀: ní ogún ọdún gbáko, ìlà mọ́kànlá péré ló wà nínú ìwé mi. Lẹ́yìn náà ni ìdérí fò kúrò lórí ìkòkò. Ogún olùdíje jáde ní 2003, wọ́n lé ní ogún ní 2007, ogún jáde ní 2011, 14 ní 2015, 73 ní 2019, 18 ní 2023. Bí ẹ bá yọ àwọn tó wọlé, tí ẹ sì fi ti 2007 sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn tí kò wọlé jẹ́ 151. Bí ẹ bá fi ti 2007 kún un, wọ́n ju 170 lọ. Iye ìgbà tí ènìyàn fìdí rẹmi nìyẹn o, kì í ṣe iye ènìyàn, nítorí pé Owuru nìkan gba ìlà mẹ́rin. Àwọn ènìyàn tó wà níbẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó fa ìdérí kúrò kì í ṣe pé ìfẹ́ ipò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ àwọn ọmọ Nàìjíríà lójú ní 2003. Òfin ni. Nínú àwọn orílẹ̀-èdè kan, ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan lè díje. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ fà ọ́ kalẹ̀, nítorí náà iye ẹgbẹ́ tí ìjọba bá fọwọ́ sí ló ń pinnu iye ẹni tó lè fìdí rẹmi. Ìjọba Babangida fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ẹgbẹ́ méjì sílẹ̀, SDP àti NRC, pé kí gbogbo ènìyàn wọ ọ̀kan nínú méjèèjì. Ní 1999 ẹgbẹ́ mẹ́ta ló wà, AD àti APP sì para pọ̀ fa Olú Fálaè kalẹ̀, ni ó fi ku ẹni méjì. Nígbà tí àjọ elétò ìdìbò wá ń gbé òfin tirẹ̀ kalẹ̀ láti dí àwọn ẹgbẹ́ tuntun lọ́nà, Balarabe Musa, Gàní Fawẹ̀hìnmi àti àwọn ẹgbẹ́ wọn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé àjọ náà kò lágbára láti béèrè ohun tí ìwé òfin orílẹ̀-èdè kò béèrè. Láàárín oṣù díẹ̀, ẹgbẹ́ ti di 30. Gàní fúnra rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà tí ó bá wọn ṣí wọlé, ó díje lábẹ́ NCP, ó sì ní ìbò 161,333. Ó wà nínú ìwé mi.

Ọdún 2019 ni mo fẹ́ràn láti máa fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ènìyàn ti lè fi ojú rí ohun tí iye olùdíje ń ṣe. Ẹgbẹ́ 91 ni ó ti gba ìwé àṣẹ, 73 nínú wọn sì ní olùdíje ààrẹ. Ìwé ìdìbò wa kì í ní orúkọ ènìyàn, àmì ẹgbẹ́ àti àgékúrú orúkọ ẹgbẹ́ nìkan ló máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú àyè kékeré tí ènìyàn yóò tẹ̀ka sí. Ẹ wá ronú sí àmì 73 lórí ìwé kan ṣoṣo, níwájú ìyá àgbà tí kò mú awò ojú wá, tó ní láti wá igi tàbí ẹranko tàbí ohun èlò tí wọ́n ti júwe fún un nílé, tí yóò tẹ̀ka sí i láìkan ìlà, tí yóò sì ká ìwé náà kí ọ̀dà ìka rẹ̀ má baà tún àmì mìíràn tẹ̀ ní òdì kejì. Ìbò tí wọ́n dà nù lọ́dún náà jẹ́ 1,289,607. Bí ẹ bá kó ìbò gbogbo olùdíje 71 tó tẹ̀ lé Buhari àti Atiku jọ, 869,758 ni gbogbo rẹ̀. Ìbò tí kò wúlò borí wọn, gbogbo wọn pátá, tó sì fi iye tó lé ní ọ̀kẹ́ ogún, ìyẹn 400,000, ṣe é. Ẹni tó ṣe ipò kẹta, Felix Nicolas ti PCP, ní 110,196.

Ọdún yìí kan náà ló bí ìṣòro kan tó dá mi dúró nídìí ìwé mi fún ọjọ́ púpọ̀. Oby Ezekwesili, tó ti ṣe mínísítà rí, kéde ní oṣù kìíní ọdún 2019 pé òun kò díje mọ́. Àmọ́ àkókò tí wọ́n fi sílẹ̀ fún yíyọ orúkọ ti kọjá, àmì ẹgbẹ́ ACPN tó fà á kalẹ̀ sì ti wà lórí ìwé ìdìbò. Nígbà tí wọ́n ka ìbò, wọ́n ka 7,223 fún ẹgbẹ́ náà. Ṣé ó fìdí rẹmi? Ẹni tó kúrò ní ojú ìjà kọ́ ni wọ́n ń pè ní ẹni tí wọ́n dá. Síbẹ̀, mo kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, mo sì fi ìràwọ̀ kékeré sí i, nítorí pé 73 ni INEC kà, bí mo bá yọ ọ́, ìṣirò mi kò ní bá tiwọn mu. Ní oṣù kejì ọdún 2020 àjọ náà gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ 74 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé 18 ni a rí ní 2023.

Àwọn kan ti béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ó yẹ kí a máa ka àwọn tó ń díje fún ipò igbákejì. Mi ò kà wọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ kà wọ́n, ẹ rántí pé Peter Obi yóò ní ìlà méjì, nítorí òun ló bá Atiku díje gẹ́gẹ́ bí igbákejì ní 2019 kí ó tó díje fúnra rẹ̀ ní 2023.

Ohun mìíràn tí ìwé náà fi hàn mí, tí mi ò wá a lọ, ni pé ẹni tó fìdí rẹmi kò fi dandan jẹ́ ẹni tí ènìyàn kéré lẹ́yìn rẹ̀. Ìbò tó pọ̀ jù lọ tí ẹni tí kò wọlé tíì ní ni ti Jonathan ní 2015, tó jẹ́ 12,853,162. Ìbò yẹn ju èyí tí Bọ́lá Tinúbú fi wọlé ní 2023 lọ, tó jẹ́ 8,794,726, ó sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Bashir Tofa tó fìdí rẹmi ní 1993 ní 5,952,087, Shehu Shagari sì wọlé ní 1979 pẹ̀lú 5,688,857. Mo mọ̀ pé iye àwọn tó jáde dìbò yàtọ̀ láti ọdún dé ọdún, pé 1979 kò sì jọ 2015. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ti ṣẹlẹ̀ pé bí a bá kó ìbò gbogbo àwọn tí kò wọlé jọ, yóò ju ti ẹni tó wọlé lọ: ní 1979, ní 1983 àti ní 2023. Ti 2023 ni ó sún mọ́ wa jù. Tinúbú kó nǹkan bí ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún, Atiku kó 29, Obi kó 25, Kwankwaso sì kó 6. Ní Èkó pàápàá, ní ilé Tinúbú, Obi ní 582,454, Tinúbú sì ní 572,606.

Ní ti àwọn obìnrin, ìwé mi nìkan ni wọ́n wà, kò tíì sí èyí tó wà nínú ti àwọn tó wọlé. Ní 2015 Ọ̀jọ̀gbọ́n Rẹ̀mí Ṣónaìyà, tó ti kọ́ni ní èdè Faransé ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, nìkan ni obìnrin láàárín ọkùnrin 13, ó sì ní 13,076. Ní 2023 Chichi Ojei ti APM nìkan ni láàárín ọkùnrin 17.

Ó ku Awólọ́wọ̀, Bàbá, mo sì mọ̀ pé ìbéèrè yẹn ni ó wúwo jù lọ́kàn yín. Bàbá tó bí yín kò kàn ṣe agídí lásán. Òfin ìgbà náà sọ pé kí ènìyàn tó di ààrẹ, yàtọ̀ sí kí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù lọ, ó gbọ́dọ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 ni a ní nígbà náà. Bí ẹ bá pín 19 sí mẹ́ta, tí ẹ mú méjì, 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ni yóò kàn yín lọ́wọ́. Shagari ti ní ìdá kan nínú mẹ́rin ní ìpínlẹ̀ 12. Ní Kánò, tí ì bá jẹ́ ẹ̀kẹtàlá, ó ní ìbò 243,423 nínú 1,220,763, èyí tí kò pé ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo ènìyàn rò pé 13 ni òfin ń wí, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń gé ìpínlẹ̀ bí ẹni gé iṣu. Agbẹjọ́rò àgbà Richard Akínjídé, ọmọ Ìbàdàn, ló wá dìde pé a lè gé e. Ẹ mú ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò Kánò, ẹ ó rí 813,842. Ẹ mú ìdá kan nínú mẹ́rin èyí, ẹ ó rí 203,460 àti díẹ̀. Ìbò 243,423 tí Shagari ní ju èyí lọ. Ọ̀ràn parí nìyẹn lójú tirẹ̀.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1979, ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n tó búra fún ààrẹ tuntun, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, tí Atanda Fatayi-Williams jẹ́ adájọ́ àgbà rẹ̀, fọwọ́ sí i pé Shagari ló wọlé. Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ nìkan ló ní òun kò fara mọ́ ọn. Mo ti ka èrò Ẹ̀ṣọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀ títí di òní pé ìpínlẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gé. Ìṣirò Akínjídé gún, nǹkan tó ṣírò ni kò gún: ẹni tó bá fẹ́ gé ìpínlẹ̀ Kánò sí mẹ́ta gbọ́dọ̀ gé ìbò tí Shagari ní níbẹ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe kí ó gé àpapọ̀ ìbò kí ó sì fi ti Shagari sílẹ̀ ní odindi.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ẹ kọ orúkọ Awólọ́wọ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe ìdájọ́ ló mú mi sọ bẹ́ẹ̀, ohun tí òun fúnra rẹ̀ béèrè ni. Kò sọ fún ilé ẹjọ́ pé kí wọ́n sọ òun di ààrẹ. Ohun tó ń sọ ni pé kò tíì sí ẹni tó wọlé, pé kí wọ́n lọ parí rẹ̀ níwájú àwọn aṣòfin gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe là á sílẹ̀. Ìbò 4,916,651 ni wọ́n kéde fún un, ti Shagari sì fi ohun tó lé ní ọ̀kẹ́ 38 ju tirẹ̀ lọ. Bí ilé ẹjọ́ bá ti gbọ́ tirẹ̀, ojú ewé 1979 ì bá ṣófo fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ orúkọ rẹ̀ kò ní kúrò nínú àwọn tí ìbò wọn kò tó ti ẹni àkọ́kọ́. Ní 1983 ó padà wá, ó ní 7,907,209, Shagari ní 12,081,471. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ wa kò gba èsì yẹn gbọ́ rárá, mo sì wà lára wọn, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tí wọ́n kéde ni mò ń kọ, mi ò kọ èyí tó wà lọ́kàn mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Awólọ́wọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni Azikiwe, ẹ̀ẹ̀mejì ni Waziri Ibrahim. Aminu Kano ní ẹ̀ẹ̀kan péré, nítorí pé ó kú ní oṣù kẹrin ọdún 1983, ó ku oṣù mẹ́rin kí wọ́n dìbò.

Ibi tí mo ti kọ̀ láti gba àkọsílẹ̀ ìjọba ọjọ́ náà ni 1993. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, Abíọ́lá ní 8,341,309, Tofa ní 5,952,087, Abíọ́lá sì borí Tofa ní Kánò tí í ṣe ilé Tofa. Ní ọjọ́ 23 oṣù kan náà, Babangida wọ́gi lé ìdìbò náà. Bí ẹ bá ń tẹ̀ lé ìwé ìjọba ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó wọlé, kò sì sí ẹni tó fìdí rẹmi. Àwọn kan tilẹ̀ ń kọ orúkọ àwọn méjèèjì sí abẹ́ àwọn tí kò di ààrẹ. Mo ti rí i nínú àtẹ kan rí tí wọ́n kọ Abíọ́lá mọ́ wọn, inú sì bí mi débi pé mo pa ìwé náà dé. Ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù, tí wọ́n fi ipá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò fìdí rẹmi. Ní 2018 ìjọba àpapọ̀ fún Abíọ́lá ní oyè GCFR lẹ́yìn ikú rẹ̀, oyè tí àwọn ààrẹ máa ń gbà, ó sì sọ ọjọ́ 12 oṣù kẹfà di àyájọ́ ìjọba tiwa-n-tiwa. Nínú ìlà ọdún 1993, Bàbá, orúkọ Tofa nìkan ni kí ẹ kọ. Ẹ má sì gbàgbé láti kọ ọ́, nítorí pé òun ni ẹni tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé jù nínú gbogbo wọn: ó kú ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní ọdún 2022, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó gbọ́ ìròyìn náà ló sì ń béèrè lọ́wọ́ ara wọn pé ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.